Ó Dọ̀la, Ó Dìgbà

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ilé ńlá dára fún ẹni kan ṣoṣo. Irọ́ ni. Màmá Aránṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí, yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ ló ní, ṣùgbọ́n orí àga tó wà nídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń tòògbé, ibẹ̀ náà ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ tí á sì tún dá ara rẹ̀ lóhùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, wà ní ìlú ńlá, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. "Màmá, ṣé kò séwu? Ó dáa, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Kì í pè padà.

Kì í ṣe pé àwọn ará abúlé kórìíra rẹ̀ o, kí á má purọ́ mọ́ wọn. Ojú ló ti ń ṣe bàìbàì, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, nígbà tí kò sì ránṣọ mọ́, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ wá wá síbẹ̀? Látijọ́, ilé náà kì í dá. Ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ gba aṣọ ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ wá jà pé aṣọ òun fún jù náà ń bọ̀. "Aṣọ ò fún," Màmá á ní, "ìwọ lo sanra." Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó lọ. Bẹ́ǹṣì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni Màmá ń nu eruku ara rẹ̀. Ta ló ń nù ún dè? Ẹ bá mi bi í.

Afẹ́fẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ igi sílẹ̀. Ó jà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ká ìdajì páànù ilé ìwé, ó sì lọ jù ú sínú oko. Tíṣà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tó sì ń gbóná bí iná, pe gbogbo abúlé sí ìpàdé lábẹ́ páànù ìdajì tó kù. Ó ní nígbà tí igi wà lẹ́bàá ọ̀nà ilé ìwé, ṣé afẹ́fẹ́ ń ká páànù? Wọ́n ní rárá. Ó ní àwọn igi náà dà? Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Káfíńtà.

Káfíńtà yìí, ẹgbẹ́ Màmá Aránṣọ ni, wọ́n jọ dàgbà ni. Ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ ní ìlú ńlá, ó ní òun ń bọ̀ láìpẹ́, ọmọ ọwọ́ yẹn sì ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Ó dìde fùú.

"Kí lẹ ń wò mí fún? Bẹ́ǹṣì tí ẹ fìdí lé yẹn, ṣé láti ọ̀run ló ti já bọ́? Igi ìdáná yín ńkọ́, ṣé èmi ni mo ń dáná fún yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó wá là á yé wọn. Òun á wá èso igi tó ń yọ ìbòòji. Wọ́n á kọ́kọ́ gbìn ín sínú ọ̀rá kéékèèké tí iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa bomi rin ín ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá wá dé, wọ́n á kó o lọ sẹ́bàá ọ̀nà. Ìṣòro ibẹ̀ ni omi. Gbogbo kànga abúlé ló ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn àfi ọ̀kan, ìyẹn èyí tó wà lẹ́yìnkùlé Màmá Aránṣọ.

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Màmá ò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kankan. Ọjọ́ náà ló nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ kó wọn wá sọ́dọ̀ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n débi pé ó tún un sọ kí wọ́n má baà ṣì í gbọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ya wọ ilé ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Wọ́n gbé iyẹ̀pẹ̀ wá, wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n tò ó sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹsẹ tirẹ̀. Káfíńtà ri igi mọ́lẹ̀, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí kí oòrùn má baà jó àwọn ọmọ igi náà pa. Tíṣà wá kìlọ̀ fún wọn. Ó ní bí ọ̀rá bá pẹ́ lójú kan, gbòǹgbò á dá ìdí rẹ̀ lu, á sì wọ ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sún wọn kúrò lójú ibi tí wọ́n wà.

"Bí a ò bá sún wọn ńkọ́?" Ìyàwó Bíríkìlà ló bi í, obìnrin kan tí kò lè rí ọ̀rọ̀ nílẹ̀ kó má gbé e.

"Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ, ẹ máa já wọn ní ìfun."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ni Màmá Aránṣọ wí. "Ṣebí èmi ni mo wà nílé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé náà yí padà. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ báyìí, ẹ ó máa gbọ́ "Ẹ kú ilé o!" lẹ́nu géètì, "Ẹ kú ilé o!" lẹ́yìnkùlé, Màmá á sì máa sáré dáhùn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó ilé tuntun. Wọ́n ń fa omi, wọ́n ń bu omi, wọ́n ń jà sí korobá. Ìyàwó Bíríkìlà á fẹ̀sùn kan Káfíńtà pé ó ń jí omi bu sí ẹsẹ tirẹ̀, Káfíńtà á ní òun ò jí omi, pé ìbẹ̀rù òun ló ń mú kí igi òun yára dàgbà, nítorí igi náà mọ irú èèyàn tí òun jẹ́. Bí wọ́n bá parí, kò sẹ́ni tó ń dìde lọ. Bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà kún dẹ́múdẹ́mú, àwọn tí kò ráyè á jókòó sí bèbè kànga.

Ọjọ́ kan tí ariwo pọ̀ báyìí ni fóònù dún. "Màmá, ta ló ń pariwo bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ ní àlejò ni?"

"Àlejò kẹ̀? Ará ilé ni," Màmá dáhùn. "Jẹ́ n pè ọ́ padà jàre, wọ́n ń pè mí."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo yẹn gan-an ló wọ Màmá lára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, èyí tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ń lọ. "Màmá, ó dọ̀la o!" Ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ ọ́ fún lójoojúmọ́, ẹ ò kà á sí, ẹ̀ ń dáhùn láìwẹ̀yìn. Màmá ń wẹ̀yìn. Ó máa ń dúró lẹ́nu géètì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dọ̀la o. Ó dọ̀la. Ó dọ̀la, ẹ kí wọn nílé." Bó bá ti géètì tán, tó padà sínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn, ẹ̀rù ò bà á mọ́, nítorí wọ́n ti ṣèlérí ọ̀la fún un.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ń yọ̀ sójò, àyà Màmá ń já. Àwọn ọmọ igi ti ga tó orúnkún, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Tíṣà yí wọn ká, ó pàtẹ́wọ́. "Màmá, wọ́n ti tó gbìn. Sátidé tó ń bọ̀ yìí."

"Wọn ò tíì tó," Màmá sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ń sọ ọ́. "Wo ọrùn wọn bó ṣe tín-ínrín. Jẹ́ kí wọ́n le díẹ̀ sí i."

Tíṣà gbà. Ta ni kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ́jú wọn tọ̀sán-tòru? Sátidé kejì, Màmá ní ilẹ̀ ò tíì mu omi tó. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní ewúrẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọgbà. Káfíńtà ṣe ọgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, orúnkún ló ń dùn ún, ó sì fẹ́ kí gbígbìn wọn ṣojú òun. Kò sí irọ́ tí kò pa. Gbogbo àsìkò náà, òjò ń bomi rin igi fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ń wá, torí ìjókòó ti mọ́ wọn lára. Wọ́n á tu koríko díẹ̀, wọ́n á ta ayò díẹ̀, wọ́n á ní ó dọ̀la.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti sún àwọn ọ̀rá bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀kan kò tẹ̀ lé e. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọjú wo ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò funfun kan ni, tín-ínrín bí òwú, ó ti lu ọ̀rá, ó ti wọ ilẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ni kó já a kíá, níwọ̀n ìgbà tó ṣì kéré, kò ní pa igi náà lára. Ó mọ̀. Ó tilẹ̀ ti fọwọ́ mú un. Ló bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bó o bá fẹ́ jókòó, jókòó," ló sọ fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sún ọ̀rá kan mọ́. Bí Tíṣà bá bi í pé, "Màmá, ẹ ṣì ń sún wọn?" á ní, "Mò ń sún wọn." Kò sì ní gbójú sókè.

Nígbà tó yá, Tíṣà ò bi í mọ́. Ó ní òjò ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ní Sátidé kan, gbogbo abúlé dé láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ọkọ́ àti bárò, Ìyàwó Bíríkìlà gbé ọmọ pọ̀n, ó ń kọrin. Káfíńtà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀rá kan mú, ó gbé e. Kò gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá àgbà ti dé. Ó tún fà á.

Pàù! Ẹ gbọ́ ohùn yẹn bí ìgbà tí òwú tó nípọn bá já lórí maṣíìnì. Ó yí ìdí ọ̀rá sókè, gbòǹgbò tó nípọn tó ìka já ní ìdajì, ó ń sun omi. Ó mú òmíràn. Pàù. Ìyàwó Bíríkìlà dákẹ́ orin. Wọ́n ń lọ láti ẹsẹ dé ẹsẹ, bákan náà ni.

Káfíńtà nàró. "Aránṣọ, o ní ò ń sún wọn."

Màmá tẹjú mọ́ gbòǹgbò tó já.

"Ṣé o gbàgbé ni?"

Ẹ wò ó, ọ̀nà àbáyọ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kó kàn ní òun gbàgbé. Ta ló fẹ́ bá ìyá arúgbó jà nítorí ìgbàgbé? Wọn ì bá ní kó pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ti tán nínú Màmá, ó ti ná gbogbo rẹ̀ tán lórí ewúrẹ́ àti orúnkún.

"Mi ò gbàgbé," ló wí. "Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Bí ẹ bá kó wọn lọ tán, ta ni á tún wá síbí?"

Ojú Káfíńtà pọ́n. Òun ló ti gbẹ́ gbogbo kòtò tí wọ́n fẹ́ gbin igi sí lẹ́bàá ọ̀nà sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. "Nítorí kí o lè rí ẹni bá ọ jókòó, o pa igi àwọn ọmọ wa! Àgbàlagbà bíi tìẹ! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́?"

"Bàbá, ó tó," ni Tíṣà wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́, gbogbo abúlé ló sì gbọ́ ọ.

Wọ́n ṣáà kó àwọn igi náà lọ. Kí ni wọn ì bá ṣe? Wọ́n gbìn wọ́n pẹ̀lú gbòǹgbò jíjá wọn, Màmá ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè, kò sẹ́ni tó ní kó wá, kò sẹ́ni tó ní kó padà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Màmá, ó dìgbà o." "Ó dìgbà, Màmá." Ó dìgbà! Ìgbà wo? Èèyàn lè wí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá pàdé nínú ọkọ̀. Màmá gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń gba "ó dọ̀la", ó sì padà sílé.

Àwọn igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òjò dáwọ́ dúró, oòrùn gbé ojú lé wọn, ewé wọn ká kò, ó sì ń gbẹ. Kò sẹ́ni tó bú Màmá. Bí wọ́n bá bú u, ì bá sàn. Wọ́n ń kí i lójú ọ̀nà, wọ́n ń kọjá lọ. Lẹ́yìnkùlé, kìkì ojú ibi tí àwọn ọ̀rá wà ló kù, ó rí róbótó-róbótó nínú iyẹ̀pẹ̀. Bẹ́ǹṣì tún ń gba eruku. Ọmọ rẹ̀ pè. "Màmá, kò sí ariwo lónìí. Àwọn ará ilé yín dà?" Màmá ní wọ́n jáde ni. Ó dùn ún débi pé ó jókòó nídìí maṣíìnì, ó sunkún bí ọmọdé, ó sì fi aṣọ tí kò tíì rán tán nujú.

Nígbà tó sunkún tán, ó gbé korobá. Ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé omi lọ sójú ọ̀nà ilé ìwé, tòun ti orúnkún tó ti fi parọ́ tẹ́lẹ̀, tó sì wá ń dùn ún lóòótọ́ báyìí. Ó ń bomi rin èyí tó ṣì ní ewé. Wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lọ́wọ́, títí ó fi ku ọ̀kan péré, ní kọ́nà tó wà nítòsí géètì ilé ìwé. Gbogbo omi wá di tirẹ̀. Màmá á bu omi sí i, á jókòó tì í díẹ̀, á sọ fún un ohun tó jẹ àti ohun tí kò lè jẹ. Bó bá fẹ́ lọ, á ní, "Ó dọ̀la o." Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ, wọn ì bá ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Àmọ́ ara igi náà ò yá. Ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó ń já bọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kì í gbẹ. Kódà, ilẹ̀ náà máa ń tutù kí Màmá tó da omi síbẹ̀. Ó ní ìrì ni. Ìrì wo ló ń dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin èèyàn? Ẹni tó bá ti pẹ́ ní òun nìkan kì í rò ó pé ẹlòmíràn lè wà nídìí nǹkan.

Orúnkún ló tú àṣírí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò jẹ́ kó lè dìde, ló bá sùn, ó sì gbé omi rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó ṣe yọ sí kọ́nà, ó rí ẹ̀yìn ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀, tó ń fi kẹ́ẹ̀gì da omi sídìí igi. Káfíńtà ni.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ìwọ lò ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́?" Káfíńtà bi í.

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìwọ lò ń wá láàárọ̀?"

"Èmi ni." Ó wo àwọn ewé pípọ́n tó wà nílẹ̀, ó mi orí. "Háà. Ṣé o rí i bí a ṣe fẹ́ rì í pa."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá láìròtẹ́lẹ̀. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Ó ń dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó ń ṣí i, ó tún ń dé e.

"Kí ló dé tó jẹ́ àárọ̀ lo máa ń wá?" Màmá bi í.

"Kí n má baà pàdé rẹ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lójú gbogbo èèyàn yẹn, kò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣé èmi tí mò ń dá jẹun nínú àwo kan láti ọjọ́ yìí wá, èmi ló yẹ kó sọ irú rẹ̀ sí ọ? Má bínú, Aránṣọ."

"Mi ò bínú," Màmá wí. "Òótọ́ lo sọ."

Káfíńtà ló tún sọ̀rọ̀, ó ń tọ́ka sí igi. "Omi yìí ti pọ̀ jù fún un. Lójúmọ́ kan, ẹnì kan ni kó máa wá. Èmi ti da tòní. Ìwọ lọ́la, èmi lọ́tùúnla, bẹ́ẹ̀ ni ká máa ṣe é."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Màmá ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọjọ́ tí òun bá wá, Káfíńtà ò ní wá. Ọjọ́ tí Káfíńtà bá wá, òun á wà nídìí maṣíìnì. Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ó ti fẹ́ ní igi yìí ń fẹ́ omi púpọ̀, pé òun mọ irú rẹ̀, kí àwọn jọ máa wá. Ó wo igi náà. Ewé tó kù lórí rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó gbé irọ́ náà mì, ó sì dùn ún bó ṣe ń lọ.

"Ó dáa," ló wí. "Èmi lọ́la, ìwọ lọ́tùúnla."

Ó gbé korobá rẹ̀, tòun ti omi tó kún inú rẹ̀, ó kọjú sílé. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí Káfíńtà fi pè é.

"Aránṣọ!"

"Hẹ̀n?"

"Ó dọ̀la o!"

Màmá dúró, kò kọ́kọ́ yíjú padà. "Ọ̀la kọ́ ni tìẹ. Èmi ni mo ni ọ̀la."

"Mo mọ̀," ni Káfíńtà wí. "Mi ò ní gbé omi dání."